Àdúrà tí mo fi pa Sálíù lẹ́nu mọ́

Kumasi, ọjọ́ Àìkú, 1955

Mo ti kírun Màgàríbà, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀.

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ìlagi ní Tafo lónìí, Sálíù dìde, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi alága pé, "Ọ̀gá, nígbà tí ẹ̀rọ gé mi níka, tí òyìnbó ní kí n máa lọ sílé, ta ló bá mi dé ọ́fíìsì nínú ẹ̀yin aṣojú wa?"

Èmi ni alága yíjú sí. "Máàlàmù, bɔ mpae." Ó fi èdè Àṣáńtì ní kí n gbàdúrà fún ẹgbẹ́.

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Láàárín wa, bí a bá ti ṣe àmín, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ta ló tún máa hú u? Síbẹ̀ mo gbà á. Mo tilẹ̀ fà á gùn. Èmi tí Sálíù àti àwọn Yorùbá ará wa yòókù fi sínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé kí n máa gbẹnu sọ fún wọn!

Sálíù ì bá tilẹ̀ bínú. Ó tẹ́wọ́ bíi ti gbogbo wa, ó ń ṣe àmín sí àdúrà mi. Ìka méjì péré ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.