Orúkọ Tí Ẹ Kò Rí Níbẹ̀

Ilé Akẹ́kọ̀ọ́, Under G,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtìjọ́, ẹ sì kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ máṣínì máa ń ro yín tí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó fún un lágbára, kó sì jẹ́ kí ara Màámi le. Ara tèmi náà dá. Inú mi nìkan ni kò dùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè yín láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹ kò gbé e. Màámi ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹ ti sọ fún àwọn èèyàn yín pé orúkọ ọmọ yín wà nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo ayé ń lò, ni Bọ̀dá Abdulqoyum tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín bá ṣí ibẹ̀ lójú gbogbo yín. Ó wá a títí, ó wá ní, “Bàbá Raliat, orúkọ ọkùnrin kan ló wà níbí o. Àbí Raliat ti di Dúrósinmí?” Wọ́n ní gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì. Nígbà tí ẹ délé, ẹ ní, “Irọ́ ni ọmọ yẹn lọ kọ́ ní yunifásítì.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo jókòó láti fèsì sí. N kò purọ́ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí ní kíláàsì, tí ọkàn mi bá sì fà sí ilé, mo máa ń rìn lọ kírun ní Sábó, níbi tí kò sẹ́ni tó máa bi mí ní ìbéèrè. Lọ́jọ́ kan mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ Yorùbá dáadáa. Ètò kọ̀ǹpútà kan ni, tí àwọn aránṣọ fi ń ya àwòrán aṣọ kí wọ́n tó gé e. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe, àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn kì í gba nǹkan kan àfi kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí ojú ìwé àwọn atúmọ̀. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni, mo lọ.

Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: èmi, Títílọlá, Ebenezer, àti Bọ̀dá Dúrósinmí Akínpẹ̀lú tó wà ní ọdún kẹrin. Ó yẹ kí oníkálukú forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó sì máa fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Dúrósinmí ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, òun ni àgbà wa, kí a máa kó o wá, òun á bá wa fi ránṣẹ́. Ta ló máa sọ fún àgbà pé rárá? Èmi tí n kò ní kọ̀ǹpútà gan-an ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo ń kọ tèmi sínú ìwé, mo ń gbé e lọ bá a ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń ka ọ̀rọ̀ wa sókè bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i he. Nígbà tó dé orí aṣọ tí a máa ń fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán, tí ẹ̀yin ń pè ní àlékún nítorí pé èèyàn lè sanra lọ́la, ó ní, “Àlékún! Ẹ ò rí i bó ṣe bọ́ sí i?”

Mo rò pé bíi ti ṣọ́ọ̀bù yín ló máa rí. Tí oníbàárà bá yin iṣẹ́ ọrùn agbádá, ẹ kì í gba ìyìn yẹn. Ẹ máa ń nàka sí ọmọ iṣẹ́ yín lẹ́yìn, ẹ á ní, “Anas tó jókòó yẹn ló ṣe é.” Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè sọ fún yín pé orúkọ mi máa wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ìtumọ̀ wa jáde, ọ̀dọ̀ olóúnjẹ la wà. Ẹgbẹ̀rin ọ̀rọ̀ ó lé méjìlá, orúkọ kan ṣoṣo. Mo bi Bọ̀dá Dúrósinmí léèrè. Ó ní, “Ìwọ kọ́ lo ní kí n bá ọ fi ránṣẹ́? Àbí torí orúkọ lo ṣe ń ṣe é?” Ebenezer ní orúkọ ò ṣe é jẹ. Títílọlá ní kí n jẹ́ kó lọ, bọ̀dá wa ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pe bọ̀dá wa sí Ìbàdàn pé kó wá ṣàlàyé bó ṣe dá a ṣe.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni iṣẹ́ náà. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá kọ ìlà kan péré pé a jọ ṣe é ni, gbogbo orúkọ tó bá dá làwọn máa fi sí i. Ìlà kan péré, Bàbá mi. Mo kọ orúkọ wa sínú ìwé, mo mú un lọ bá Bọ̀dá Dúrósinmí. Ó kà á, ó dúró lórí ti ìkẹyìn, ó bú sẹ́rìn-ín: “Mashood Ọláníyì, aránṣọ, Ọ̀yọ́. Télọ̀ ti wá di atúmọ̀ kọ̀ǹpútà?” Ó dá ìwé náà padà fún mi. Kò kọ ìlà yẹn títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ yín ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínláàádọ́rin nínú ohun tí mo kó lọ, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ wọn, nígbà tí ẹ rò pé mò ń bá yín ṣeré nídìí máṣínì. Mo lè gbàgbé tèmi. Ẹ̀rín tó fi yín rín yẹn ni n kò lè gbé mì.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ tuntun mọ́kànlá tún jáde fún títúmọ̀, lórí gígé agbádá. Mo ti kọ gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́nu yín nígbà Iléyá. Mo yá kọ̀ǹpútà Títílọlá, mo forúkọ sílẹ̀ fúnra mi. Wọ́n béèrè orúkọ tí wọn yóò kọ síta. Tèmi ni mo fẹ́ kọ, n kò ní tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ni, tiyín ni mo kọ. Yóò jáde ní oṣù kìíní. Ẹ ó rí orúkọ yín níbẹ̀, ẹ kò ní rí tèmi. Bí ẹ bá ṣì sọ pé irọ́ ni mo pa, n kò ní ẹ̀rí mìíràn ju lẹ́tà yìí lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ yín gbọ̀n lórí abẹ́rẹ́. Kó má sì jẹ́ kí iṣẹ́ yín bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní dárúkọ yín. Ẹ bá mi kí Màámi.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kò gbé fóònù rẹ̀,
Raliat.

Àfikún: Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń to orúkọ. Tí Bọ̀dá Abdulqoyum bá ṣí i, kó má dúró lókè. Kó fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni ẹ ó wà, lábẹ́ Dúrósinmí.