Aṣọ Ilẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Wa

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le. Iléeṣẹ́ ní ká lọ sinmi ná, èmi àti àwọn ará ilé wá gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé. Ohun tó bá hù la jọ ń jẹ.

Ìmọ́tótó tí ẹ kọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa: mo jí, mo gbá gbogbo ewé gbígbẹ tí wọ́n tẹ́ sídìí ẹ̀fọ́ dànù. Télọ̀ yàrá kejì figbe ta: “O ti bọ́ aṣọ lára ilẹ̀! Oòrùn á pa á!” Gbogbo wa la jọ tẹ́ ẹ padà.

Ẹ ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Ti ẹ̀fọ́ ni mo yà. Òun ló sanra jù nínú wa.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ṣáà sọ pé ibi iṣẹ́ ni mo wà.