Ajá Tí Mo Nà Nígbà Tó Padà Dé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó máa ń rán mi létí ọjọ́ orí mi bí mo bá fẹ́ gbé pákó.

Alágídí, ajá wa tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, sá lọ lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ kẹta ló padà dé, tó ń ju ìrù lẹ́nu ọ̀nà. Inú bí mi, mo fa bẹ́líìtì yọ, mo nà án dáadáa, mo gbà pé ó ti gba ẹ̀kọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè é, ṣe ló ń sá. Abẹ́ ọkọ̀ aládùúgbò ló wá ń sùn.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó wà nílé kejì, ló là mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin rò pé ẹ nà án torí pé ó sá lọ. Lójú tirẹ̀, ẹ nà án torí pé ó padà wá ni. Ibi tó bá ti ń dunni, a máa ń yà fún un ni."

Mo jiyàn, ìwọ náà ṣáà mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo ṣe bó ti wí. Mo ń ju búrẹ́dì sílẹ̀ fún un, láì pè é, láì bá a wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òdìkejì títì ló dúró sí. Nígbà tó yá, ó dé ìdí òkìtì pákó. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ mi. Mo gbé ayùn sílẹ̀, mo sunkún, nítorí ìwọ ni mo rí.

Nígbà tí o fi ilé ìwé nọ́ọ̀sì sílẹ̀, tí o wá sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ, ẹnu ọ̀nà ni mo ti bú ọ, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Gbogbo ìgbà tí o bá sì tẹ̀ mí láago, kí o tó kí mi tán, màá ní, "Áà, o rántí lónìí pé o ní bàbá?" Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń bá ọ wí. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí n kò gbọ́ ohùn rẹ. Kì í ṣe pé o ya ọmọ burúkú, èmi ni mo kọ́ ọ láti má padà wá. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Má bínú, ọmọ mi.

Ọ̀nà rẹ yóò là. Ibi gbogbo tí o bá dé, ojú rere ni wọn yóò fi gbà ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.

Àfikún: Bí o bá pè tí o kò gbọ́ nǹkan kan, jọ̀wọ́, má pa fóònù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wá sí mi lẹ́nu ni mò ń gbé mì.