Àmì Roboto Ara Mọ́tò Bàbá Rẹ

Kóredé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ojú kò pọ́n ọ nínú Èkó yẹn? Ọlọ́run tí kì í tòògbé kò ní tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ, ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àwọn tó ń retí ìṣubú rẹ, ìdìde rẹ ni wọn ó máa rí. Bó o bá bèèrè wa ní Ìlárá níbí, a dúpẹ́. Òjò ti ń rọ̀, àgbàdo ti ń yọ ọmọ, orúnkún mi ṣì ń ráhùn ṣùgbọ́n mo ti fi í sílẹ̀ kó máa ráhùn lọ.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò bàbá rẹ ló jẹ́ kí n mú gègé. O rántí pé nígbà tó o wálé gbẹ̀yìn, o ní mọ́tò dúdú tó wà lábẹ́ máńgòrò yẹn ti ṣá, pé nígbà ìsinmi Iléyá o ó mú àwọn tó ń ra àlòkù irin wá. Mo ní o ò gbọdọ̀ tà á. O wá rẹ́rìn-ín, o ní bí mo bá lè mú un dán títí tí o ó fi rí ojú rẹ lára ẹ̀, o ó fi í sílẹ̀ fún mi, o ó sì tún ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe. Àwàdà lò ń ṣe, èmi gbà á bí ìdájọ́ kóòtù.

Kò pẹ́ tó o lọ ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo bu eérú, mo mú kànhìnkànhìn, mo fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ ìdí ìkòkò, mo ń yí ọwọ́ po, mo ń yí ọwọ́ po, títí èjìká fi ń ro mí. Ìdọ̀tí lọ pátápátá. Àfi bí oòrùn ṣe là tí gbogbo ara mọ́tò kún fún àmì roboto wínníwínní bí òwú aláǹtakùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí mo bá sún sọ́tùn-ún, wọ́n á tẹ̀ lé mi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bá mi bẹ̀rẹ̀. Mo pe Jẹ̀mílátù tó múlé gbè wá kó wá wò ó. Ó ní òun náà rí i, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kì í ṣe èmi. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i. Báwo ni àmì kan náà ṣe lè máa tẹ̀ lé ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Bó o bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ sí mi.

Èmi rò pé ara ẹ̀ ló gbẹ, bí ara ọmọ nígbà ọyẹ́, ni mo bá fi òrí pa á. Kóredé, ó dán! Ṣùgbọ́n kí n tó ti oko dé, àwọn ewúrẹ́ ti lá a láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ibi tí wọn ò lá.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣí fídíò bí wọ́n ṣe ń mú mọ́tò dán, èyí tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo kí òyìnbó inú ẹ̀ pé ó kú iṣẹ́, kò dá mi lóhùn, mo fi jì í torí ọwọ́ ẹ̀ dí. Ó wọ ìbọ̀wọ́ bíi nọ́ọ̀sì, mo ní bóyá mọ́tò tiẹ̀ ní èkúsá ni. Kò pẹ́ ni ìyàwó ẹ̀ já wọlé, ó ń polówó ìpara ojú, kò tilẹ̀ bèèrè bóyá ọkọ ẹ̀ ti jẹun. Nígbà tó yá ọkùnrin náà kàn dúró gbagidi, àmì roboto kan sì ń yí níwájú ẹ̀. Mo kígbe, mo ní ẹ wò ó, ó ti tẹ̀ lé mi dé inú fóònù! Jẹ̀mílátù ní dátà ló tán. Mo ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ láìjẹun, ṣé kò yẹ kó tán?

Alfred, ará Kétu òdìkejì ibodè, tó ń kun mọ́tò lọ́nà Ìmẹ̀kọ, ló là á yé mi. Ó ní àpá tín-ín-rín ni gbogbo ẹ̀, eérú mi ló ha á, oòrùn ló sì ń fi í hàn. Ó ní kí n fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ìbòòji, kó gbẹ, kí n wá bu rọ́bíìn, ìyẹn oògùn funfun inú agolo, díẹ̀ sórí aṣọ tó rọ̀, kí n máa fi ra ojú ibi kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí n nù ún kúrò kí n tó bọ́ sí òmíràn. Bí mo bá ti fẹ́ fi agbára sí i, á ní dúsúmáǹ, Màmá, dúsúmáǹ, Faransé tí wọ́n fi ń pe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́hùn-ún. Aṣọ tó rọ̀ jù nílé ni náńkín tí mo fi dì ọ́ nígbà tó o wà lọ́mọ ìkókó, tí mo tọ́jú de ọmọ rẹ. Má bínú, mo ti lò ó. Ká ní o tètè gbéyàwó ni, mi ò bá tí rí i lò.

Ó ti dán, ọmọ mi. Mo rí ojú ara mi lára ilẹ̀kùn, mo sì rí ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní ìyá àgbà. Òkè orí ẹ̀ nìkan ló kù, nítorí náà fi owó rọ́bíìn ránṣẹ́, àti owó dátà, kí òyìnbó yẹn lè parí iṣẹ́ ẹ̀ kó lọ jẹun. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, orúnkún mi ò ní kọ̀ ọ́.

Ibì kan wà tí mi ò fọwọ́ kàn rárá, àní nígbà eérú pàápàá. Etí fèrèsé dírẹ́bà ni, níbi tí bàbá rẹ máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé bí wọ́n bá ń wakọ̀ lọ sí Ayétòrò, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ ire. Alfred gbé aṣọ débẹ̀, ó tún gbé e kúrò. Ó ní ibẹ̀ ti ń dán tipẹ́, kò ní àpá kankan, rọ́bíìn wo ni wọ́n fi ṣe é? Mo yíjú, mo fi ìborùn nu omi ojú mi.

Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀, ọ̀nà kò ní fi ọ́ ṣòfò. Wá wo ojú rẹ lára mọ́tò bó o ṣe ṣèlérí. Ṣùgbọ́n bó o bá dé, kọ́kọ́ jókòó síbi dírẹ́bà, gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ sí ibẹ̀ yẹn, kó o sọ fún mi bóyá ó bá ọ mu.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣìkẹ́