Bátìrì Inú Ọ̀rá

Ọjọ́ Ajé, 1 Máàṣì 2004

Láptọ̀pù dé! Bọ̀ọ̀dá Job, àbúrò Bàbá tó wà ní London, ló fi rán ẹnì kan sí wa. Kì í ṣe tuntun — àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, lẹ́tà E orí rẹ̀ ti pa rẹ́ — ṣùgbọ́n mo lè búra pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Àgídìngbì. Ó wúwo bí ọlọ. Iṣẹ́olúwa, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti kéde rẹ̀ dé ilé kejìlá kí n tó fọwọ́ kàn án. Rédíò ni mo ń pè é. Kò sí ohun tó lè dúró lẹ́nu ọmọ yẹn.

Bàbá Fáìlì — bàbá mi nìyẹn, akọ̀wé àgbà ní Sẹkitéríàtì, ẹni tó ní fáìlì fún gbogbo nǹkan, títí kan èyí tí wọ́n kọ orúkọ mi, MORẸ́NIKẸ́, sí lára — dìde dúró, wọ́n ka òfin láptọ̀pù sí wa létí. Òfin mẹ́sàn-án. Àkọ́kọ́: bátìrì ò gbọdọ̀ gbé inú ẹ̀rọ. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, kókó mẹ́ta, wọ́n ju káńfọ̀ kan sí i, ó di inú wọ́dúróòbù, láàárín agbádá.

Wọ́n ní tí a ò bá lò ó, kò ní gbó.

Ilé wa nìyẹn. Àga pálọ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Tí ooru bá mú, ẹni tó bá jókòó sí i, awọ ìdí rẹ̀ á kù síbẹ̀. Rìmóòtù wà nínú ọ̀rá. Ká ní wọ́n rí ọ̀rá tó gbà mí ni!

Ìṣẹ́gun, 2 Máàṣì

Mo ka ìwé kékeré tó bá ẹ̀rọ wá. Ó ní bátìrì tí a bá fi pamọ́ ní òfìfo, kíkú ló máa kú. Ó ní ká máa lò ó, ká máa ṣáájì rẹ̀. Mo ka á fún Bàbá Fáìlì.

Wọ́n ní ilé òyìnbó ni òyìnbó kọ ìyẹn fún.

Mo ní òyìnbó náà ló ṣe bátìrì.

Wọ́n wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 4 Máàṣì

Ọ̀rọ̀ gidi dé. Ìdánwò Jáḿbù ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo tún fìdí rẹmi. Bàbá ní ìgboro Ìkẹjà ló ń jẹ mí lórí, pé Èkìtì ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ Àǹtí Adéìfẹ́ — ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ọ̀gá ilé ìwé, ẹni tí ìró bàtà rẹ̀ nìkan máa ń mú àgùntàn tò sí ìlà. Mo ní mi ò lọ. Kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kọ́.

Màmá dá sí i. (Tíṣà ni Màmá, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń làjà àwọn ọmọdé.) Ni àdéhùn bá wáyé. Bàbá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, wọ́n sì ti fi ọwọ́ kọ ìtàn ìlú náà, ojú ìwé mẹ́rìnlélógójì. Ìpàdé ẹgbẹ́ jẹ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún. Tí mo bá fi láptọ̀pù tẹ gbogbo rẹ̀ tán kó tó dìgbà yẹn, mo dúró sí Èkó, wọ́n á fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ọ̀pẹ̀bí. Tó bá ku ẹyọ ojú ìwé kan — Èkìtì, láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bàbá buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú. Ó wọ fáìlì.

Èmi rèé, mi ò lọ síbì kankan.

Àbámẹ́ta, 6 Máàṣì

Mo tẹ ojú ìwé mẹ́rin. Wọ́n mú iná lọ. Fiiri — ẹ̀rọ kú bí ẹ̀fọn tí wọ́n gbá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Iná dé, mo bẹ̀rẹ̀. Méjì. Iná lọ. Méjèèjì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lónìí! Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n fún mi ní bátìrì. Wọ́n ní òfin kìíní ńkọ́.

Àìkú, 7 Máàṣì

Iná: ogójì ìṣẹ́jú. Ojú ìwé: méjì. Inú mi: pẹtiróòlù.

Ọjọ́ Ajé, 8 Máàṣì

Mo jí i.

Bàbá lọ síbi iṣẹ́, Màmá lọ síléèwé. Mo gé ọṣẹ ìfọṣọ gígùn kan sí ìdajì, mo fi ọ̀bẹ fá a títí ó fi tó bátìrì gẹ́lẹ́. Ọ̀rá mẹ́ta, kókó mẹ́ta, káńfọ̀, ó di inú wọ́dúróòbù. Tí wọ́n bá fi ọ́ sí àárín méjèèjì, ìwọ gan-an ò ní mọ̀ ọ́n.

Mo gbé bátìrì gangan lọ sí Kọ̀ǹpútà Fíléèjì, ọjà ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Tìjání, ọmọ Agége tó ń tún láptọ̀pù ṣe lábẹ́ àgbòòrùn aláwọ̀ méje. Ó wọn bátìrì náà. Ó mi orí.

"Sísí, ta ló ń fi ebi pa eléyìí?"

Mo ní bàbá mi ni, pé inú wọ́dúróòbù ló ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín títí tí irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ká ní ó lo oṣù mélòó kan sí i níbẹ̀ ni, kí n kàn gbẹ́ ilẹ̀ fún un.

Ó kọ́ mi láìgba kọ́bọ̀. Má gbé ẹ̀rọ sórí fóòmù. Abẹ́ ló ti ń mí. Tó bá ti ku ogún pasẹ́ńtì, wá iná fún un, má jẹ́ kó wọ òdo. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, má ì tíì kì í bọ̀ ọ́. Jẹ́ kí ohùn rẹ̀ balẹ̀ ná. Kí wọ́n tó pa á, kọ́kọ́ yọ tìẹ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí. Ó dára ju Jáḿbù lọ.

Ọjọ́rú, 10 Máàṣì

Àlùjánnà rèé o. Iná lọ lónìí, gbogbo àdúgbò pariwo — láptọ̀pù mi ò tiẹ̀ ṣẹ́jú! Ojú ìwé mọ́kànlá ti wọlé.

Lálẹ́, Bàbá gbé ẹrù inú ọ̀rá wọn jáde bí ìṣe wọn, wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n mi orí. "Ó ṣì wúwo dáadáa." Mo sá wọ ilé ìdáná. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ dí ẹnu kí ẹ̀rín má bàa ta.

Ẹtì, 12 Máàṣì

Mọ́kàndínlógún. Ìka mẹ́rin ni mo fi ń tẹ̀ báyìí, méjì tẹ́lẹ̀.

Àìkú, 14 Máàṣì

Màmá ní kí ló dé tí agbádá Bàbá ń rùn bí ọṣẹ. Mo ní bóyá káńfọ̀ ni. Wọ́n ní ọṣẹ àwọn dín ìdajì. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàtúnṣe ìwé àwọn ọmọ kíláàsì wọn, wọ́n ní, láìgbójú sókè, "Ó ku mélòó?"

Mo ní ó ku ogún.

"Máa ṣe kíá."

Ìṣẹ́gun, 16 Máàṣì

Àṣírí mi tú.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti wọlé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Tìjání dé, bátìrì kún bámú, ó ti wà nínú ẹ̀rọ. Bàbá wọ yàrá. Igbe ta! Àlejò tí ń bẹ ní pápákọ̀ òfuurufú á gbọ́ ọ.

"Ẹ gbà mí o! Eku ti jẹ bátìrì!"

Wọ́n gbé e jáde. Ọ̀rá ti fàya. Ojú eyín eku mẹ́rin wà lára rẹ̀, ó hàn kedere. Bàbá Fáìlì ń ṣàròyé: bátìrì láti London, eku Àgídìngbì ń fi ṣoúnjẹ. Ká ní mo pa ẹnu dé ni. Ẹ̀rín ló pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n tú kókó. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n wò mí.

Rédíò — kò tiẹ̀ sẹ́ni tó bi í — ní, "Bàbá, inú láptọ̀pù ni bátìrì gangan wà o. Sísí mi ló gbé e síbẹ̀."

Màmá ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jí i. Bàbá ní, àti pé o lò ó ńkọ́? Mo ní ìyẹn, rárá. Mo lò ó dáadáa. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ o.

Wọ́n yọ bátìrì. Ọ̀rá tuntun, mẹ́ta. Ó ń bá wọn lọ sí ọ́fíìsì lọ́la, inú dúróọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Àdéhùn ò yí padà, wọ́n ní.

Kó má yí.

Ọjọ́bọ̀, 18 Máàṣì

Alhaji Dàwódù, onílé wa, ń fún wa ní wáyà kan láti ara jẹnẹrétọ̀ wọn, aago méje sí mẹ́sàn-án. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, iná á rẹ̀ sílẹ̀, láptọ̀pù á kú. Mo wá gbọ́n. Gbólóhùn kan, mo tẹ̀ ẹ́ pamọ́. Gbólóhùn kan, mo tẹ̀ ẹ́ pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló kú lónìí, kò rí ju ọ̀rọ̀ márùn-ún jẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹ́rìndínlógójì!

Àbámẹ́ta, 20 Máàṣì

Tiransifọ́mà ojú pópó bú gbàmù lánàá. Onílé sì lọ sí ìnáwó ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ti jẹnẹrétọ̀ mọ́lé. Mọ́kànlélógójì. Ó ku mẹ́ta. Mẹ́ta péré!

Bàbá ń di ẹrù mi. Mo rò pé inú wọn á máa dùn. Kò dùn. Wọ́n ń ká aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Mi ò bá wọn ká a. Mo jókòó, mo ń wò.

Àìkú, 21 Máàṣì

Kí n rọra kọ ọ́.

Ilé Bàbá Àjíṣọlá, alága ẹgbẹ́, lẹ́yìn Ọ̀pẹ̀bí, ni ìpàdé wà. Èmi àti Màmá bá Bàbá lọ, mo gbé láptọ̀pù dání. Àwọn náà ò ní iná. Àgbà bí ogún, ìwé ìléwọ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ ara. Bàbá dìde, wọ́n jábọ̀ pé iṣẹ́ kò parí, ó ku ojú ìwé mẹ́ta, pé ọmọ tó ń ṣe é ń rìnrìn àjò lọ́la.

Mo dìde. Ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Mo ní, ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, èmi kọ́ ló jẹ́ kó ku mẹ́ta. Bátìrì rẹ̀ nìyẹn nínú báàgì Akọ̀wé, ọ̀rá ni wọ́n dì í sí. Ẹ ní kí wọ́n tú u, màá parí rẹ̀ níṣojú yín.

Ẹnì kan ní há! Màmá ń wo ilẹ̀. Alága yíjú sí Bàbá.

"Akọ̀wé, òótọ́ ni?"

"Mò ń tọ́jú rẹ̀ ni, sà."

"Fún ta ni?"

Bàbá mi, tó ní èsì fún gbogbo ìwé ìjọba, kàn gbé báàgì sórí itan — láti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti mú un bọ̀ láti ọ́fíìsì, wọ́n ń bẹ̀rù olè. Kókó kìíní. Kókó kejì. Eyín ni wọ́n fi tú ìkẹta.

Mo kì í bọ inú ẹ̀rọ. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún pasẹ́ńtì! Bàbá ń pè é, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ rárá, mẹ́rìnlélógójì pé. Mo ní ó tán o!

Kò tán. Bàbá David, àgbà kan tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn, ní báwo la ṣe fo bàbá bàbá òun. Òmíràn ní àdúgbò tàwọn ló kọ́kọ́ tẹ̀dó. Òmíràn ní irọ́! Wọ́n ń jà, mo ń tẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rìndínláàádọ́ta. Méjìdínláàádọ́ta. Mo ń kéde pasẹ́ńtì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí afẹ́fẹ́: ogójì! Méjìlélógún! Ẹ sọ̀rọ̀ kíá! Mẹ́sàn-án!

Ni Bàbá Fáìlì bá dìde, wọ́n jáde. Mo rò pé ìbínú ni.

Nígbà tí wọ́n padà, jẹnẹrétọ̀ kékeré wà léjìká wọn. Lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ igun ọ̀nà ni wọ́n ti lọ bẹ̀ ẹ́. Léèsì funfun wọn ti mu epo. Wọ́n fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó gbá, wọ́n sì fẹ́ kì í bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ dúró ná, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ balẹ̀."

Wọ́n dúró. Wọ́n di wáyà mú, wọ́n ń wojú mi.

Mo ní ó ti yá. Wọ́n kì í.

Àádọ́ta ojú ìwé la dúró sí, àwọn àgbà sì fẹnu kò pé ìtàn náà ò tíì dé ìdajì, torí kò sẹ́ni tó tíì bi àwọn ìyá arúgbó nílé. Kí ẹnì kan gbé ẹ̀rọ lọ jókòó tì wọ́n. Alága yíjú sí mi: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé wàá bá wa lọ sí Èkìtì?"

Èkìtì! Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.

Nílé, Bàbá ní mo ti borí, Ọ̀pẹ̀bí ni lọ́la. Mo ní Ọ̀pẹ̀bí lè dúró. Màá lọ sí Èkìtì, ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n èmi ló ń rán ara mi, mo sì ní òfin tèmi.

Wọ́n mú bébà funfun jáde. Mo na ọwọ́ sí bírò, wọn ò fún mi. Wọ́n jókòó, wọ́n wọ dígí wọn.

"Máa pè é," wọ́n ní. "Mò ń kọ ọ́."