Lọ́yà Àwa-Náà: Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Agbẹjọ́rò Àwọn Oníṣòwò Kéékèèké

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí màmá wa. Káfíńtà ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí. Àbúrò wọn kan ṣoṣo, tó jogún iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù bàbá, ló sọ púpọ̀ nínú ìtàn yìí fún wa. Ibi tí kò bá ti dá a lójú, a kò kọ ọ́.

Màmá di agbẹjọ́rò ní 1976. Ní 1979, wọ́n fẹ́ bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò, ẹni jẹ́jẹ́ tí kò bá wọn jiyàn rí, torí ó mọ̀ pé òun ò ní borí.

Ní 1986, àga tí àbúrò wọn ṣe fún hòtẹ́ẹ̀lì kan wó lábẹ́ àlejò. Hòtẹ́ẹ̀lì pè é lẹ́jọ́. Bó bá jẹ̀bi, ṣọ́ọ̀bù bàbá lọ nìyẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì fi ìwé ránṣẹ́ pé kó fọwọ́ sí i pé òun jẹ̀bi. Ẹ̀rù bà á, ó ti mú bírò. Màmá já ìwé gbà.

"Ta ló ní o jẹ̀bi?"

"Àǹtí, èèyàn ńlá ni wọ́n o."

"Èmi náà ò kéré. Orí àga rẹ ni mo jókòó sí láti àárọ̀, ṣé ó ti wó?"

Lọ́yà mẹ́ta ni hòtẹ́ẹ̀lì kó wá sí kóòtù. Màmá dojú àga tó wó náà dé sórí tábìlì, wọ́n ní kí àbúrò wọn sọ ohun tó rí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní igi ìdábùú lòun fi so ẹsẹ̀ àga pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ti fi ayùn gé e kúrò kí wọ́n lè máa to àga léra, wọ́n sì fi ọ̀dà bo ojú ibẹ̀. Màmá ha ọ̀dà. Ojú ayùn yọ gbangba. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, oníbúrẹ́dì, atẹ̀wé àti aránṣọ kún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pariwo: "Àwa náà ti ní lọ́yà!" Bí orúkọ Lọ́yà Àwa-Náà ṣe mọ́ màmá lára nìyẹn. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ni ọ́fíìsì wọn. Wọ́n kọ iye tí wọ́n ń gbà sára ògiri, iye tí apá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ká. Bó ti wù kí ẹjọ́ gùn tó, kì í yí padà. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń ka ìwé àdéhùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn wọn nínú ẹgbẹ́ akọrin ròkè ju ti dùùrù lọ. Ta ló tó sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá, tí àìsàn ti dá wọn dúró sílé, onílé kan fẹ́ lé oníbúrẹ́dì jáde. Ó ní oníbúrẹ́dì ba ilẹ̀kùn òun jẹ́. Èyí obìnrin nínú wa, tó di agbẹjọ́rò bíi màmá, ló ń gba ẹjọ́ oníbúrẹ́dì rò. Ẹlẹ́rìí oníbúrẹ́dì kò wá sí kóòtù. Àbúrò màmá, tó kàn wá wòran lẹ́yìn, dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Olúwa mi, èmi ni mo kan ilẹ̀kùn yẹn. Ikán ló jẹ ẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Oníbúrẹ́dì jàre. Nígbà tí màmá gbọ́ lórí ibùsùn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n sun oorun ìkẹyìn.

Ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, ọkọ, àti àbúrò kan tí kì í bẹ̀rù adájọ́ mọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀.

Màmá, ẹ sinmi. Ẹ ti rojọ́ tó. Kí ilẹ̀ ó tù yín lára.