Ẹni Tí Wọ́n Fi Tì Mí Létí Òkun

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní wọmi, ibi tí o bá sì forí lé, oore ni yóò máa pàdé rẹ. Tiwa náà dáa. Bàbá rẹ ń lo oògùn wọn, wọ́n kàn ń ṣàròyé pé ó korò. Máṣíìnì ìránṣọ mi já bẹ́líìtì, mo ti fi òmíràn sí i.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé ni pé mo lọ, mo sì ti dé. Àwọn ìjọ parapọ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn létí òkun lọ sí ilé àdúrà kékeré orí òkè, níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún àwọn tí omi gbé lọ. Bàbá rẹ ní orúnkún mi ò lè gbé e. Mo ní tí kò bá gbé e, màá wọ́ ọ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti bá omi lọ, mi ò tíì wo òkun lójú. Tí mo bá ń lọ ra ẹja, ẹ̀yìnkùlé onílé ni mò ń gbà kí n má baà rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n so bébà kan mọ́ gbogbo wa lọ́rùn ọwọ́, wọ́n ya nǹkan dúdú sí i bí èèrà tó tú ká. Obìnrin kan na fóònù sí tèmi, ó sì dárúkọ mi pẹ̀lú orúkọ bàbá tó bí mi. Mo bi í pé ta ló sọ fún un, ó ní kọ̀ǹpútà ni. Mo ní kó bá mi kí i dáadáa, pé ẹni tó bá mọ bàbá mi, ẹbí ni. Obìnrin mìíràn tún wà nínú fóònù aṣáájú wa tó ń sọ pé ká yà sọ́tùn-ún, ká yà sósì. Ó sọ̀rọ̀ títí, kò mu omi. Nígbà tá a dúró jẹun, mo bu díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Méjì méjì ni wọ́n tò wá. Ẹni tí wọ́n fi tì mí ni ọlọ́kọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá lọ pẹja lọ́jọ́ náà. O rántí pé òun nìkan ló padà dé. Láti ìgbà yẹn mi ò fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dàgbà ju bàbá rẹ lọ. Tó bá kí mi, ẹ̀gbẹ́ kan ni mò ń wò. Mo fẹ́ ní kí wọ́n pààrọ̀ wa, ṣùgbọ́n orin ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn ti gbéra.

A ń rìn lọ. Ẹsẹ̀ ara mi nìkan ni mò ń wò, òkun ń hó lọ́tùn-ún mi bí ìkòkò. Nígbà tá a dé ibi àpáta, omi ti bo ọ̀nà, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, àfi ká gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Àwọn ará ẹ̀yìn ń kọjá lára mi, èmi dúró bí òpó. Mo ní kí ọlọ́kọ̀ náà máa lọ. Kò lọ. Ó jókòó lórí òkúta, ó ní òun náà ò tíì tẹ omi òkun láti ọjọ́ yẹn, pé òun ti ta ọkọ̀, àwọ̀n àwọn apẹja mìíràn ni òun ń bá wọn tún ṣe. Mi ò mọ̀. Ibi kékeré tá a jọ ń gbé yìí, mi ò mọ̀, torí mi ò béèrè.

Ni mo bá bi í pé kí ni ọmọ mi sọ kẹ́yìn. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ tú oúnjẹ tí mo dì fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun rò pé òun ń lọ bọ́ àwọn ológun ni. Ó pín in sí méjì, ó sì fún un ní èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n jẹun tán ni ìjì dé. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ dojú dé, òun di pákó kan mú, òun ń pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn òun fi há.

Ọmọ mi, mo sunkún, àwọn náà sunkún. Wò ó, mo ti ń pè wọ́n ní àwọn, ẹnu mi ló yà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn ni pé mi ò mọ̀ bóyá ó jẹun kó tó lọ. Ó jẹun. Ó yó.

Wọ́n na ọwọ́, mo dì í mú, a wọ inú omi. Ó tutù, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Nígbà tá a dé òkè, àlùfáà ní kí oníkálukú dárúkọ ẹni rẹ̀. Mo dárúkọ ọmọ mi sókè. Orúkọ kan náà ni àwọn náà dá.

Bàtà mi ti já, bá mi wá owó òmíràn. Má fi sínú fóònù o, omi òkun ti wọ tèmi, tí owó bá gba ibẹ̀ kọjá báyìí, tútù ni yóò jáde. Fi rán awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà wa.

Ìwọ náà, máa bọ̀. Mo mọ ohun tí kì í jẹ́ kí o wá. A kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ nínú ilé yìí, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ń lé ọ. Nígbà tí mo dé, mo sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn fún bàbá rẹ. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Olúwa á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ilé bàbá rẹ kò ní di àjèjì sí ọ. Ọmọ kan ló kù fún mi, ojú mi yóò máa rí i.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.